Lẹ́tà inú Áljẹ́bírà: Nọ́ńbà Ni, Kì í Ṣe Ọsàn

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní áljẹ́bírà, ọ̀nà kan wà tí a ti jọ gbà láti fi ṣàlàyé ìdí tí 3a + 2a fi jẹ́ 5a, tí a kò sì lè sọ 3a + 2b di 5 ohunkóhun. Olùkọ́ yóò ní kí ọmọ ka lẹ́tà a sí ọsàn, kí ó ka lẹ́tà b sí máńgòrò. Ọsàn mẹ́ta àti ọsàn méjì, ọsàn márùn-ún ni. Ọsàn mẹ́ta àti máńgòrò méjì, a kò lè pè é ní ọsàn márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè pè é ní máńgòrò márùn-ún. Ọmọ á mi orí, olùkọ́ á ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn, gbogbo wọn á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti yé ara wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ní kíláàsì àti níbi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì dá mi lójú pé ohun tí àlàyé yìí ń bà jẹ́ pọ̀ ju ohun tí ó ń tún ṣe lọ. Lóòótọ́, ó máa ń jẹ́ kí ọmọ gba ìbéèrè àkọ́kọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń gbin èrò kan sí i lọ́kàn tí yóò máa dí i lọ́wọ́ títí yóò fi dé SS 3, èyíinì ni pé lẹ́tà jẹ́ orúkọ ohun kan tí a lè fọwọ́ kàn.

Kí a tó sọ ohunkóhun nípa kíkó àwọn ohun tó jọra pọ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ìdí ohun tí lẹ́tà jẹ́ múlẹ̀. Nọ́ńbà ni lẹ́tà inú áljẹ́bírà dúró fún. Kò dúró fún ọsàn, kò dúró fún ẹyin, kò sì dúró fún Adé tàbí Bọ́lá. Iye ọsàn, owó ẹyin, ọjọ́ orí Adé tàbí gíga Bọ́lá ló lè dúró fún. Ọmọ tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ nǹkan yìí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó ti pàdé àpótí òfìfo nínú ìwé ìṣirò rẹ̀: □ + 5 = 12. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà kan ló yẹ kó wọ inú àpótí náà, á sì máa wá a títí yóò fi kan 7. Nígbà tó bá dé JSS 1, a óò gbé àpótí kúrò, a óò fi x sí ipò rẹ̀, yóò sì di x + 5 = 12. Ìrísí àmì náà nìkan ló yí padà. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò yí padà rárá, olùkọ́ tó bá sì kọ méjèèjì sí ara pátákó, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ti mú ìdajì ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn ọmọ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ lẹ́tà pín sí ọ̀nà méjì tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Nínú x + 5 = 12, nọ́ńbà kan péré ni x lè jẹ́; ó fara pa mọ́ ni, àwa sì ń wá a. Ṣùgbọ́n kéréètì ẹyin kan máa ń gba ẹyin 30. Tí mo bá fi t dúró fún iye kéréètì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, iye ẹyin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà yóò jẹ́ 30t, a kò sì wá t kankan níbẹ̀. Lónìí t lè jẹ́ 4, ẹyin á sì jẹ́ 120. Lọ́la t lè jẹ́ 11, ẹyin á di 330. Bí ọjà bá tán, t di 0, ẹyin náà sì di 0. Lẹ́tà tó lè máa gba nọ́ńbà oríṣiríṣi báyìí ni orúkọ náà, fáríábù, bá mu jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíláàsì a máa pe oríṣi méjèèjì bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ pẹ́ lórí oríṣi kejì yìí. Mo máa ń ní kí wọ́n ya tábìlì kékeré, kí wọ́n fi 1, 2, 3 àti 10 sí ipò t lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ iye ẹyin tó bá a rìn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí, yóò ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un lẹ́yìn náà pé t jẹ́ orúkọ kéréètì kó sì gbà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan t dípò k níbẹ̀ ni, nítorí pé lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ nǹkan a tètè máa fa ọmọ sọ́dọ̀ nǹkan náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí lélẹ̀ kò tilẹ̀ lo lẹ́tà kankan. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní àsìkò tí al-Ma'mun wà lórí oyè kálífà láàrin ọdún 813 sí 833, fi ọ̀rọ̀ lásán kọ gbogbo ìṣirò rẹ̀. Ó máa ń pe nọ́ńbà tí kò tíì mọ̀ ní “gbòǹgbò” tàbí “nǹkan”, nọ́ńbà yìí kan náà ló sì máa ń jáde nígbẹ̀yìn. Ohun tó mú un kọ ìwé rẹ̀ lórí áljẹ́bírà ni ìṣirò tí àwọn ènìyàn nílò fún pínpín ogún, ẹjọ́ àti òwò. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú àkọlé ìwé náà. Èkíní ni kí a dá ohun tí a yọ kúrò padà sí ipò rẹ̀, kí àmì ìyọkúrò má baà ṣẹ́kù. Èkejì ni kí a wo ohun tó jọra ní apá méjèèjì ìdọ́gba, kí a yọ èyí tó kéré kúrò lára èyí tó pọ̀, kí ọ̀kan ṣoṣo lè kù. Iṣẹ́ kejì yìí ni à ń kọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí a bá ní kí ó kó ohun tó jọra pọ̀. Ọjọ́ orí iṣẹ́ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Lẹ́tà ló dé lẹ́yìn. Ní 1591, François Viète ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà fáwẹ̀lì dúró fún nọ́ńbà tí a ń wá, ó sì fi lẹ́tà kọ́ńsónáǹtì dúró fún èyí tí a ti mọ̀. Ní 1637, René Descartes mú àwọn lẹ́tà ìparí álífábẹ́ẹ̀tì, x, y àti z, fún nọ́ńbà tí a ń wá, ó mú a, b àti c fún èyí tí a mọ̀, àṣà tirẹ̀ yìí la sì ń tẹ̀ lé títí di òní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí lẹ́tà jẹ́ orúkọ èso lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìdí tí 3a + 2a fi jẹ́ 5a, àwa Yorùbá kò ní láti lọ jìnnà, ó ti wà nínú bí a ṣe ń kà. Ẹ wo ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún: ogún lọ́nà méjì, ogún lọ́nà mẹ́ta, ogún lọ́nà mẹ́rin, ogún lọ́nà márùn-ún. Tí a bá ro ọgọ́ta pọ̀ mọ́ ogójì, ọgọ́rùn-ún ló máa jẹ́, nítorí pé ogún mẹ́ta àti ogún méjì ti di ogún márùn-ún: 3 × 20 + 2 × 20 = 5 × 20. Ẹ fi igba sí ipò ogún, kí ẹ tún un wò. Ẹgbẹ̀ta àti irinwó di ẹgbẹ̀rún: 3 × 200 + 2 × 200 = 5 × 200. Láyé ìgbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná lọ́jà, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ọ̀kẹ́ méjì sì ń di ọ̀kẹ́ márùn-ún, tó jẹ́ 100,000. Nínú gbogbo wọn, 3 àti 2 kò yé di 5. Nọ́ńbà tí à ń mú ní ìlọ́po ló ń yí padà, láti 20 sí 200 sí 20,000. Tí a bá wá fi lẹ́tà kan dúró fún èyíkéyìí nínú wọn, tàbí fún nọ́ńbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, a óò kọ 3a + 2a = 5a, gbólóhùn kan yìí á sì ti kó gbogbo wọn mọ́ra. Ohun tí 3a ń sọ ni ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà kan tí à ń pè ní a.

Nígbà tí mo kọ àwọn àpẹẹrẹ yìí sí ara pátákó, ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn nawọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí a bá wá ro ọgọ́ta pọ̀ mọ́ irinwó ńkọ́? Mẹ́ta àti méjì náà ló wà níbẹ̀.” Mo bi í pé, ìlọ́po márùn-ún kí ni yóò wá jẹ́? Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Kò sí, mà. Kì í ṣe ogún márùn-ún, kì í sì í ṣe igba márùn-ún. Ṣùgbọ́n 460 ni.” Mo ní kí ó jáde wá kọ ọ́ kí gbogbo kíláàsì rí i: 3 × 20 + 2 × 200 = 460. Ìdáhùn ọmọ yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé òtítọ́ tí àlàyé ọsàn àti máńgòrò máa ń bò mọ́lẹ̀ ló sọ yẹn.

Ohun tí àlàyé èso ń sọ ni pé 3a àti 2b kò ṣeé rò pọ̀. Ó ṣeé rò pọ̀! Nọ́ńbà ni méjèèjì, kò sì sí nọ́ńbà méjì tí a kò lè rò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, ó ra kóńgò gàrí mẹ́ta ní náírà x ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ra kóńgò ẹ̀wà méjì ní náírà y ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí yóò san jẹ́ 3x + 2y. Ìyá tó ta ọjà fún un kò ní sọ fún un pé owó gàrí àti owó ẹ̀wà kò ṣeé rò pọ̀. Iye kan ṣoṣo ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní x jẹ́ 900, y sì jẹ́ 1,800, owó náà yóò jẹ́ 2,700 + 3,600, ìyẹn 6,300. Ohun tí a kò lè ṣe ni pé kí a gé 3x + 2y kúrú sí i nígbà tí a kò tíì mọ x àti y. Kò sí nọ́ńbà kan tí àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ tí a lè tọ́ka sí, ìyẹn la ṣe fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí oníbàárà yẹn bá tún padà lọ ra kóńgò gàrí mẹ́rin sí i ní iye kan náà, owó rẹ̀ á di 3x + 2y + 4x, èyí sì ṣeé gé kúrú sí 7x + 2y, nítorí pé ìlọ́po nọ́ńbà kan náà ni 3x àti 4x. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin “kò ṣeé rò pọ̀” àti “kò ṣeé gé kúrú títí a ó fi mọ nọ́ńbà náà” ni mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ JSS 1 fi sọ́kàn. Ọmọ tó bá gba ti àkọ́kọ́ gbọ́ yóò dààmú lọ́jọ́ tí a bá ní kí ó fi 2 sí ipò a, kí ó fi 5 sí ipò b, kí ó sì sọ iye tí 3a + 2b jẹ́, nítorí pé a ti sọ fún un rí pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò sí.

Láti ìhín lọ, mo máa pe apá kọ̀ọ̀kan tí àmì ìròpọ̀ tàbí àmì ìyọkúrò pín níyà ní ẹyọ. Nínú 7a − 3b − 2a + 5b, ẹyọ mẹ́rin ló wà. Ẹyọ méjì jọra tí lẹ́tà inú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí nọ́ńbà kékeré orí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú ni àmì. Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹyọ tó tẹ̀ lé e, òun àti ẹyọ náà ni wọ́n jọ ń rìn: 7a, −3b, −2a, +5b. Mo máa ń ní kí ọmọ fi pẹ́ńsù rẹ̀ yí àmì àti ẹyọ rẹ̀ ká pọ̀ kí ó tó gbé ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé 7a − 2a jẹ́ 5a, pé −3b + 5b sì jẹ́ 2b, ìdáhùn náà á jẹ́ 5a + 2b. Ẹni tí kò bá yí wọn ká a máa ya àmì kúrò lára ẹyọ, á gbé 2a lọ láìgbé àmì ìyọkúrò rẹ̀ dání, á sì kọ 9a.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé lẹ́tà jẹ́ nọ́ńbà ni pé ó fún ọmọ ní ọ̀nà tí yóò fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò láìdúró de olùkọ́. Kí ó mú nọ́ńbà tó bá wù ú, kí ó fi sí ipò lẹ́tà nínú ìbéèrè, kí ó sì fi nọ́ńbà kan náà sí ipò rẹ̀ nínú ìdáhùn. Ẹ jẹ́ ká fi 3 sí ipò a, ká fi 4 sí ipò b nínú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ìbéèrè fún wa ní 21 − 12 − 6 + 20, tó jẹ́ 23. Ìdáhùn fún wa ní 15 + 8, tó jẹ́ 23. Wọ́n bára mu. 9a + 2b ì bá fún wa ní 35, àṣìṣe náà ì bá sì hàn kedere. Ọsàn àti máńgòrò kò lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ṣá o, àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò yẹ kí a fi ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé wọ́n lè fi irọ́ hàn bí òtítọ́. Ẹ wo ọmọ tó kọ 3x² + 2x = 5x³, tó ro 3 àti 2 pọ̀, tó tún ro 2 àti 1 orí lẹ́tà pọ̀. Tí ó bá fi 1 sí ipò x, yóò rí 3 + 2 lápá òsì, yóò sì rí 5 lápá ọ̀tún, inú rẹ̀ á dùn pé òun ti gbà á. Ṣùgbọ́n tí ó bá fi 2 síbẹ̀, apá òsì á jẹ́ 12 + 4, ìyẹn 16, apá ọ̀tún á sì jẹ́ 5 × 8, ìyẹn 40. Òfìfo náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé, nítorí pé 0 a máa sọ apá méjèèjì di 0. Àní 2 pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Ọmọ tó bá rò pé x + x jẹ́ x² á fi 2 síbẹ̀, á rí 4 níhìn-ín, á rí 4 lọ́hùn-ún. Kí ó wá fi 5 síbẹ̀, á rí 10 àti 25. Nítorí náà, 3, 5 tàbí 7 ni mo máa ń ní kí wọ́n lò, tí lẹ́tà méjì bá sì wà nínú ìbéèrè, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí kan náà ló ń wo àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ sàn. Ọ̀kan nínú wọn ni 4 + 3x = 7x. Mo lóye ohun tó ń mú ọmọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: láti ìwé kìíní ni a ti ń kọ́ ọ pé ìdáhùn ìṣirò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan péré, nítorí náà, bó bá rí àmì ìròpọ̀ nínú ìdáhùn, lójú tirẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ fún un ní gbangba pé 4 + 3x lè jẹ́ ìdáhùn pípé. Tí x bá jẹ́ 5, 4 + 3x jẹ́ 19, 7x sì jẹ́ 35. Èkejì ni 5x − x = 5, níbi tí ọmọ ti rò pé a mú x kúrò, 5 ló sì kù. Kò sí nọ́ńbà tí a kọ síwájú x kejì, ṣùgbọ́n ìlọ́po kan ni. Tí x bá jẹ́ 7, 35 − 7 jẹ́ 28, 28 sì jẹ́ 4 × 7, nítorí náà 4x ni ìdáhùn. Àlàyé èso a máa dá kún àṣìṣe yìí, nítorí pé ọmọ ń fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń gbé èso kúrò lórí tábìlì, kò sì rí nọ́ńbà tí wọ́n ń yọ.

Ní ti lẹ́tà tó so pọ̀, 3xy àti 2yx jọra, wọ́n sì di 5xy, nítorí pé x lọ́nà y àti y lọ́nà x kò yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí 4 × 6 àti 6 × 4 kò ṣe yàtọ̀. Ṣùgbọ́n x²y àti xy² kò jọra: tí x bá jẹ́ 3, tí y bá jẹ́ 5, èkíní jẹ́ 45, èkejì jẹ́ 75. Ọmọ tó ń ka lẹ́tà sí èso kò ní ohun tí yóò rò nígbà tó bá rí xy. Kí ni ọsàn lọ́nà máńgòrò? Nọ́ńbà nìkan ni a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ibi yìí sì ni àlàyé àtijọ́ náà ti já pátápátá.

Tí àkámọ́ bá wà, à ń tú u ká ni kí a tó kó ẹyọ pọ̀. Nínú 3(x + 4) − (x − 2), a óò fi 3 sọ x di púpọ̀, a óò sì tún fi sọ 4 di púpọ̀, ó di 3x + 12. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú àkámọ́ kejì kan ẹyọ méjèèjì inú rẹ̀, ó sọ x di −x, ó sì sọ −2 di +2. A wá ní 3x + 12 − x + 2, tó jẹ́ 2x + 14. Pẹ̀lú 5 ní ipò x, ìbéèrè jẹ́ 27 − 3, ìdáhùn jẹ́ 10 + 14, 24 ni méjèèjì.

Àwọn ẹlòmíràn lè sọ pé ọmọ á fúnra rẹ̀ gbé èrò èso jù sílẹ̀ bó bá dàgbà. Ẹ̀rí tó wà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní Britain, ní òpin àwọn ọdún 1970, Dietmar Küchemann ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe ń lo lẹ́tà, ó tò ó sí ọ̀nà mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn sì ni kíka lẹ́tà sí nǹkan gidi. Ní Amẹ́ríkà, John Clement àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè kan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1981. Ìbéèrè náà sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi S dúró fún iye akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fi P dúró fún iye ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n kọ ìdọ́gba rẹ̀. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó ṣì í, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú àṣìṣe wọn ni 6S = P. Nígbà tí S bá ti di akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́kàn ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni yóò kà nínú 6S = P, kò sì ní rí ohun tó burú níbẹ̀. S = 6P ló tọ́.

Mo ti fún àwọn ọmọ SS 1 ní irú ìbéèrè yìí, mo sì fi kéréètì ẹyin gbé e kalẹ̀. Mo ní kí e jẹ́ iye ẹyin, kí k jẹ́ iye kéréètì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ lo lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn ni. Àwọn tó kọ 30e = k kò kéré. N kò bá wọn jiyàn. Mo ní kí wọ́n fi 60 sí ipò e, kí wọ́n sọ iye kéréètì tí ìdọ́gba wọn ní ó yẹ kó wà nílẹ̀. Nígbà tí 1,800 jáde, wọ́n wo ara wọn lójú, ọmọbìnrin kan sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kéréètì méjì ló gba ẹyin 60. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ e = 30k. Lẹ́yìn èyí ni mo ní kí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní kéréètì k, kí ṣọ́ọ̀bù kejì ní ìlọ́po méjì rẹ̀, kí ẹyin márùn-ún sì tún wà lórí káńtà láìsí nínú kéréètì kankan, kí wọ́n kọ gbogbo ẹyin náà sílẹ̀. Wọ́n kọ 30k + 60k + 5, wọ́n gé e kúrú sí 90k + 5. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di 95k, nítorí pé wọ́n ti fi 4 sí ipò k kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti rí i pé ẹyin 365 ló wà nílẹ̀, pé 95k ì bá sì sọ wọ́n di 380.